Ẹlẹ́rìí Méjì Lórí Ìrìn Ìràwọ̀: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wọn Ìrìn Àwọn Aràrá Búráùn Nínú Sánmà

  

Láàárín àwọn ẹ̀dá tí Ọlọ́run tú ká sínú sánmà, àwọn kan wà tí wọn kò tó ìràwọ̀, síbẹ̀ tí wọ́n ju pílánẹ́ẹ̀tì lọ. Ohun tí ó mú kí oòrùn wa máa ràn ni pé ìwúwo rẹ̀ ń tẹ ikùn rẹ̀ débi pé gáàsì háídírójìn tí ó wà níbẹ̀ ń pa pọ̀ di híílíọ́mù, èyí sì ń mú iná jáde láìdáwọ́ dúró. Bí ẹ̀dá kan kò bá wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 75 sí 80 Júpítà, ìyẹn pílánẹ́ẹ̀tì ńlá tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní al-Mushtarī, ìtẹ̀mọ́ra náà kò ní í tó láti mú kí iná yìí máa jó títí. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ yóò gbóná nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lẹ́yìn náà yóò máa tutù lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀yinná tí a kó kúrò nínú ààrò. Shiv Kumar, ọmọ Íńdíà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1962 àti 1963 pé ó yẹ kí irú wọn wà. Ní 1975, Jill Tarter fún wọn ní orúkọ tí a lè pè ní aràrá búráùn lédè wa. Orúkọ náà kò bá àwọ̀ wọn mu, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ni ì bá jọ ohun pupa ṣíṣú bí ojú wa bá lè rí wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ wọn lára.

Ogún ọdún kọjá lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ yìí kí ẹnikẹ́ni tó rí ọmọ náà gan-an. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Aràrá búráùn ṣókùnkùn, ìràwọ̀ gidi tí ó jìnnà réré sì lè jọ ọ́ nínú àwòrán débi pé a kò ní í mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ohun tí ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìrìn. Èyí tí ó wà nítòsí ń sún lójú wa, èyí tí ó jìnnà dà bí ẹni tí kò kúrò lójú kan. Ẹni tí ó bá ti wo ìta láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin yóò mọ ohun tí mò ń wí: igi ẹ̀bá ọ̀nà ń sáré kọjá, òkè ọ̀ọ́kán dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n kí a tó lè sọ pé ohun kan rìn nínú sánmà, a gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí méjì, ti àtijọ́ àti ti òní. Ìtàn àwọn ẹ̀rí méjì-méjì yìí ni mo fẹ́ sọ. Ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni ó gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ aràrá búráùn.

Fún ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé àwọn ìràwọ̀ dúró lójú kan sí ara wọn, bí ìṣó tí a kàn mọ́ àjà, àti pé àjà náà ni ó ń yí. Ptolemy, ará Alẹkisáńdíríà, kọ ipò ìràwọ̀ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Ànábì Īsā. Ní 964, ‘Abd al-Raḥmān al-Ṣūfī, tí ó wà ní ààfin ọba ‘Aḍud al-Dawla ní ilẹ̀ Páṣíà, ṣe ìwé Kitāb Ṣuwar al-Kawākib al-Thābita. Orúkọ ìwé náà fúnra rẹ̀ pe àwọn ìràwọ̀ ní adúrólójúkan. Al-Ṣūfī fi ojú ara rẹ̀ wo ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó tún ìmọ́lẹ̀ wọn gbé yẹ̀ wò, ó sọ àwọ̀ wọn, ó sì kọ nípa ìkúùkuu kékeré kan tí a mọ̀ lónìí pé àgbájọ ìràwọ̀ ńlá mìíràn ni. Ní ti ipò wọn, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà. Ó mú iye tí Ptolemy kọ, ó sì fi dígírì 12 àti ìṣẹ́jú 42 kún ti olúkúlùkù wọn, nítorí ìyípadà kan tí a mọ̀ pé ó ń kan gbogbo sánmà lápapọ̀ láti ọdún dé ọdún.

Ẹni tí ó bá fi iye kan náà kún ti gbogbo ìràwọ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kò sí èyí tí ó ń dá rìn nínú wọn. N kò sọ èyí láti bu al-Ṣūfī kù, nítorí ó kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀ gbangba, kò sì pe ìṣirò ní ìwòye. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ó tẹ̀ lé e fi mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí. Ulugh Beg, ọmọ ọmọ Tīmūr, kọ́ ilé ìwòràwọ̀ sí Samarkand, ó gbé ohun èlò ńlá kan sínú rẹ̀ tí ọ̀rún rẹ̀ ní ìdábùú ààbọ̀ tí ó tó nǹkan bíi mítà 40, òun àti àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ̀ sì tún ipò ìràwọ̀ tí ó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún wọ̀n fúnra wọn. Ìwé wọn jáde ní 1437. (Kí á má ṣe da iṣẹ́ yìí pọ̀ mọ́ ti awòràwọ̀ tí ń sọ kádàrá ènìyàn fún un. Àwọn àlùfáà wa ti kìlọ̀ nípa ìyẹn tó.) Ní 1665, Thomas Hyde tẹ ìwé ìràwọ̀ Ulugh Beg jáde ní Oxford, èyí tí ó já sí pé ní ilẹ̀ Bìrìtìkó tí púpọ̀ nínú wa fi ṣe ibùgbé lónìí, iṣẹ́ Samarkand ti wà lórí tábìlì àwọn ọ̀mọ̀wé fún ohun tí ó lé ní 350 ọdún.

Edmond Halley, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìràwọ̀ onírù kan, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 1693, ó tẹ àtúnṣe àti àlàyé jáde lórí àwọn àkíyèsí al-Battānī, ẹni tí ó wo sánmà ní ìlú Raqqa ní ọ̀rúndún mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ ṣe ìwé Apollonius kan tí ó jẹ́ pé èdè Lárúbáwá nìkan ni ó ṣẹ́kù, ó jókòó, ó kọ́ èdè náà, ó sì tẹ ìwé ọ̀hún jáde ní 1706. Ní 1718, Halley gbé ipò ìràwọ̀ tí àwọn ará ìgbàanì kọ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti ìgbà tirẹ̀. Ó rí i pé mẹ́ta kò sí níbi tí ó yẹ kí wọ́n wà: al-Dabarān, al-Shi‘rā, tí Súúrà an-Najm dárúkọ, àti al-Simāk al-Rāmiḥ, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Arcturus. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀ gan-an. Halley rò pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà nítòsí ju àwọn yòókù lọ, kí ó sì jẹ́ ìdí tí ìrìn wọn fi hàn. Báyìí ni ìṣó bọ́ kúrò lára àjà.

Kí n ṣàlàyé òǹwọ̀n náà díẹ̀, nítorí a óò nílò rẹ̀. Bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, ìpín kan ni à ń pè ní àáyá igun. Fífẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú jẹ́ nǹkan bí àáyá igun 1,800. Al-Simāk al-Rāmiḥ ń sún nǹkan bí àáyá igun 2.3 lọ́dún; láàárín ọ̀rúndún 18, èyí ju ìlọ́po méjì fífẹ̀ òṣùpá lọ. Ṣùgbọ́n ìsún ojú ọ̀run yìí kò tíì sọ eré tí ìràwọ̀ ń sá, àfi bí a bá mọ bí ó ti jìnnà tó. Na ìka rẹ sókè, fi ojú òsì wò ó, kí o tún fi ojú ọ̀tún wò ó: ìka yóò dà bí ẹni pé ó fò. Ayé wa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìràwọ̀ bí a ti ń yí oòrùn po, láti oṣù mẹ́fà dé oṣù mẹ́fà, Friedrich Bessel sì fi ọgbọ́n yìí wọn jíjìn ìràwọ̀ kan tí ń jẹ́ 61 Cygni ní 1838. Ó ku ìrìn tí ó jẹ́ ti wíwá sọ́dọ̀ wa tàbí ti lílọ kúrò lọ́dọ̀ wa. Èyí ni a ń mọ̀ nípa títú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ òṣùmàrè: àwọn ìlà inú rẹ̀ ń sún síhà búlúù bí ohun náà bá ń bọ̀, síhà pupa bí ó bá ń lọ, gẹ́gẹ́ bí ohùn fèrè ọkọ̀ pàjáwìrì ti ń yí padà bí ó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ìwòye tí ó jẹ mí lógún jù nínú gbogbo ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní òkè Palomar ní Kalifóníà. Nínú àgbájọ ìràwọ̀ tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní al-Arnab, Ehoro, ìràwọ̀ kékeré pupa kan wà tí ń jẹ́ Gliese 229. Ó jìnnà sí wa ní nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 19. Ọdún ìmọ́lẹ̀ kan sì ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń sá láàárín ọdún kan, ó súnmọ́ kìlómítà tírílíọ̀nù 9.5. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1994, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì rí àmì kékeré kan tí kò mọ́lẹ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n ti ń wá láti ogún ọdún. Ó sì lè jẹ́ ìràwọ̀ ọ̀nà jíjìn kan tí ó kàn bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni tí ó kọjá lẹ́yìn wa nígbà tí a ń ya fọ́tò ìgbéyàwó.

Wọn kò kéde. Gliese 229 ń sún nǹkan bí àáyá igun 0.7 lọ́dún. Bí àmì náà bá jẹ́ àlejò, ìràwọ̀ yóò fi í sílẹ̀; bí ó bá jẹ́ ará ilé, wọn yóò jọ rìn. Nítorí náà wọ́n dúró fún ọdún kan gbáko, wọ́n tún ya àwòrán mìíràn, àmì náà sì ti bá ìràwọ̀ rìn pẹ̀lú. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tún fi hàn pé gáàsì mẹ́táánì wà lára rẹ̀, èyí tí kò lè wà lára ìràwọ̀ gidi nítorí ooru. Ní òpin 1995 ni wọ́n tó sọ̀rọ̀, a sì pe ohun náà ní Gliese 229 B. Ní ọdún kan náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ Sípéènì kéde Teide 1, aràrá búráùn kan nínú al-Thurayyā, agbo ìràwọ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ jọ ń rìn síbì kan náà. Ìrìn wà lára ohun tí a fi ń mọ ọmọ ilé níbẹ̀ pẹ̀lú.

Mo fẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ ọdún kan yẹn dáadáa. Àwọn wọ̀nyí ní àwòrán lọ́wọ́, wọ́n mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn ń wá ohun kan náà, síbẹ̀ wọ́n pa ẹnu mọ́ títí ẹ̀rí kejì fi dé. Ó wọ́pọ̀ nínú wàásù òde òní kí á gbọ́ pé gbogbo ohun tí sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ni Àlùkùránì ti sọ tẹ́lẹ̀, kí á sì mú ẹsẹ kan nípa ìràwọ̀ so mọ́ ìròyìn àná. N kò ní í sọ pé a ti sọ aràrá búráùn tẹ́lẹ̀ nínú ẹsẹ kankan. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò nílò irú àtìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀, bí ìròyìn náà bá sì yí padà lọ́la, àwọn ọmọ wa tí a bí sílẹ̀ yìí, tí wọ́n ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé, ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, àwa ni wọn yóò sì bi léèrè. Ẹsẹ tí ó yẹ kí á máa kà bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ báyìí ni ẹsẹ 36 nínú Súúrà al-Isrā’, èyí tí ó kọ̀ fún wa láti máa tẹ̀ lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe àkójọ hàdíìsì mọ ẹsẹ yìí ní ìṣe: wọn kì í gba ọ̀rọ̀ kan wọlé kí wọ́n tó mọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ẹni tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ gbà á.

Ìròyìn náà sì yí padà lóòótọ́. Sátẹ́láìtì Hipparcos, tí àwọn ará Yúróòpù gbé sókè ní 1989, ti wọn ipò Gliese 229. Gaia, tí wọ́n gbé sókè ní òpin 2013, tún un wọ̀n. Nígbà tí a gbé òǹwọ̀n méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó hàn pé ìrìn ìràwọ̀ náà kò tọ́ gbọnrangandan: òòfà Gliese 229 B ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Láti inú fífà yìí ni a ti ṣírò ìwúwo B, ó sì já sí nǹkan bí ìlọ́po 71 Júpítà. Ọ̀rọ̀ di rúdurùdu. Ohun tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó mọ́lẹ̀ ju báyìí lọ dáadáa. Àwọn kan tún òǹwọ̀n yẹ̀ wò, ó dúró. Àwọn kan ṣiyèméjì sí ìmọ̀ tí a ní nípa bí aràrá búráùn ti ń tutù. Àṣírí náà tú ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ ìwòràwọ̀ ńlá ní ilẹ̀ Ṣílè fi hàn pé ìlà inú ìmọ́lẹ̀ B ń lọ, ó ń bọ̀, láàárín ọjọ́ 12. Ìbejì ni wọ́n. Ọ̀kan wúwo tó nǹkan bíi Júpítà 38, èkejì tó 34, wọ́n ń yí ara wọn po. Fún ọdún 29 ni a fi ń pe Táíwò àti Kẹ́hìndé ní orúkọ ẹyọ ọmọ kan, òǹwọ̀n ìrìn ni kò sì jẹ́ kí irọ́ náà dúró.

Kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn 1995, àwọn tí a rí ń pọ̀ sí i. Ní 1997, María Teresa Ruiz, ọmọ ilẹ̀ Ṣílè, rí ọ̀kan tí ó dá wà, nígbà tí ó ń fi àwo fọ́tò wé ara wọn láti wá ohun tí ń rìn. Ó sọ ọ́ ní Kelu, tí ó túmọ̀ sí pupa ní èdè àwọn Mapuche, onílẹ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yí iṣẹ́ náà padà ni WISE, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tí a gbé sókè ní oṣù kejìlá ọdún 2009. Ìtànṣán ooru ni ó fi ń ríran, irú èyí tí ara máa ń gbọ́ lẹ́bàá ààrò bí iná tilẹ̀ ti kú, nítorí náà ó lè rí ẹ̀dá tí kò tan ìmọ́lẹ̀ kankan tí ojú lè rí. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni ó ń wo gbogbo sánmà tán.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kevin Luhman wo ẹ̀yìn. Ní 2013 ó rí àmì kan tí ń sún kíákíá nínú àwọn àwòrán WISE, ó sì padà lọ tú àwọn àwòrán àtijọ́ wò, títí dé èyí tí a yà ní 1978. Ohun náà wà níbẹ̀, ní ibi tí ìṣirò sọ pé ó yẹ kí ó wà. Ọdún 35 ni ó ti fi wà nínú àkójọ tí ẹnikẹ́ni kò fiyè sí i. Aràrá búráùn méjì ni, wọ́n jìnnà sí wa ní ọdún ìmọ́lẹ̀ 6.5 péré. Láti ìgbà tí Edward Barnard ti rí ìràwọ̀ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní 1916, a kò rí aládùúgbò tí ó súnmọ́ wa tó wọn.

Ní ọdún kejì, Luhman kéde WISE 0855. Ọdún ìmọ́lẹ̀ 7.4 ni ó fi jìnnà sí wa, ó sì ń sún àáyá igun 8.1 lọ́dún. Ìràwọ̀ Barnard àti ti Kapteyn nìkan ni a mọ̀ tí ó ju ú lọ. Bí a bá fi jíjìn rẹ̀ ṣírò, ìsún yẹn já sí nǹkan bíi kìlómítà 88 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Oxford kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Síbẹ̀, ara rẹ̀ kò gbóná rárá. Láàárín dígírì 48 sí 13 nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n fojú bù ú sí nígbà náà, òtútù tí àwọn ará wa ní Kánádà mọ̀ dáadáa ní oṣù kìn-ín-ní. Kò tíì sí aràrá búráùn tí a mọ̀ tí ó tutù tó o.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ náà kúrò ní ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Ní oṣù kejì ọdún 2017, wọ́n gbé àwọn àwòrán WISE sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà lè máa wò wọ́n ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, kí ó sì fi ọwọ́ kan ohun tí ó bá sún. Ojú ènìyàn ń rí ohun tí ẹ̀rọ fò dá níbẹ̀, pàápàá nínú àwòrán tí ìràwọ̀ kún fọ́fọ́. Ọ̀kan nínú àwọn olùyọ̀ǹda náà ń yẹ àwọn ohun mìíràn wò nígbà tí ohun kan sáré kọjá nínú àwòrán kan náà, láìjẹ́ pé òun ni ó ń wá. Wọ́n pè é ní Èèṣì. Ó jìnnà tó nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 50, eré rẹ̀ sì lé ní kìlómítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Irú eré bẹ́ẹ̀ ń sọ ọjọ́ orí. Ìràwọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé máa ń bá ẹgbẹ́ rìn jẹ́ẹ́ nínú agbo ńlá tí oòrùn wa wà. Èyí tí ó ti pẹ́, òòfà àwọn ìkúùkuu gáàsì àti ti àwọn ìràwọ̀ mìíràn yóò ti tì í síwá sẹ́yìn títí ìrìn rẹ̀ yóò fi yàtọ̀. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ti wà kí agbo náà tó tò bí ó ti rí báyìí. Aràrá búráùn kò ní ìwé ìbí, ó sì ń tutù ni, débi pé èyí tí ó kéré tí ó sì jẹ́ ọmọdé lè jọ èyí tí ó wúwo tí ó ti darúgbó. Ìrìn a máa la ìjà bẹ́ẹ̀. Ti Èèṣì, pẹ̀lú ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sọ, mú kí wọ́n fi í sí bílíọ̀nù ọdún 10 sí 13. Oòrùn wa kò ju bílíọ̀nù 4.6 lọ.

Gaia kò lè rí àwọn tí ó tutù jù nínú wọn. Spitzer, ẹ̀rọ ìwòràwọ̀ mìíràn tí ń lo ìtànṣán ooru, ni ó wọn jíjìn púpọ̀ nínú wọn kí a tó pa á ní 2020. Wọ́n pa WISE náà ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ṣùgbọ́n àwòrán ọdún mẹ́rìnlá wà nípamọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wo ẹ̀yìn. Láàárín àkọ́kọ́ wọn àti ìkẹyìn, WISE 0855 sún nǹkan bí àáyá igun 113, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún fífẹ̀ òṣùpá.